Ìbọn Tó Fúyẹ́

Ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni àrùn pa apá òsì Àkàngbé. Láti èjìká dé ìka, apá náà ò mọ iná, kò mọ omi. Síbẹ̀, ó ní dandan, òun á lọ sílé l'Ógbómọ̀ṣọ́, òun á tún pa àgbọ̀nrín lójò. Ìbọn tó jogún ti wúwo jù fún un, ló bá lọ bá Ọ̀jẹ̀túndé, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Múṣín.

Ọ̀jẹ̀túndé da odidi korobá omi lé ìbọn kan lórí, ó nù ún, ó yìn ín sókè. Gbòlà! Gbogbo ewúrẹ́ Múṣín sá dé Makoko.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ò lè ba èyí jẹ́. Ó sì fúyẹ́ bíi pòròpórò."

Àkàngbé ò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ó gbé e kọ́ èjìká òsì, bí ọdẹ ti ń ṣe kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè fún àdá, ó rìn dé ojú títì, ó padà.

"Ó dáa. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo gbé nǹkan kan."

"Ẹ ò kúkú gbé nǹkan kan! Ẹ wò ó nínú gọ́tà lọ́hùn-ún."

Àkàngbé wo èjìká rẹ̀, ó wo gọ́tà. Ó lọ gbé ìbọn náà, ó nù ún, ó dá a padà.

"Ìbọn gidi ni," ló wí. "Ọdẹ ni kó o tà á fún."