Iná Orúkọ Mùfú Ṣì Ń Tàn Nínú Ẹ̀rọ Géèmù Mi

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kó tó máa kà á lọ. Ìṣirò ni mo kọ́ ní yunifásítì ní Lomé, ìṣirò náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Atakpamé títí di òní. Èmi kì í ṣe aríran. Èmi kì í mutí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ìyàwó mi náà sì rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Màá sọ ọ́, torí inú ń bí mi. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, àmọ́ ìbínú ló pọ̀ jù. Ká ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ronú bí ọmọ ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan ni, a kì bá tí dé ibi tí a dé yìí.

Mùfú ni ọ̀rẹ́ mi. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò, Atakpamé ni wọ́n bí i sí, ó sì ń ta àwọn ohun tí wọ́n fi ń tún alùpùpù ṣe nínú ọjà. "Pùròfù" ló máa ń pè mí, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pe olùkọ́ níbí, àmọ́ tirẹ̀ máa ń ní yẹ̀yẹ́ díẹ̀ nínú. Àwa méjèèjì ní ẹ̀rọ géèmù kan náà, irú èyí tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ lè fi bá ẹni tó jókòó sílé tirẹ̀ sáré ìje ọkọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, tó bá ti kí ìrun Alásárì tán, a máa ń sáré.

Kódà nígbà tó wà láàyè, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá. Kí o tó lè di ọ̀rẹ́ ẹnì kan nínú ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe orúkọ ni wọ́n máa béèrè. Nọ́ńbà ni, nọ́ńbà gígùn tí kò nítumọ̀. Èmi á tẹ tirẹ̀, òun náà á tẹ tèmi. Bí ẹnì kan bá ṣì í, ẹ̀rọ ò ní sọ ẹni tó ṣì í. A fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá ọ̀nà láti di ọ̀rẹ́, àwa tí a ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà láti kékeré!

"Pùròfù," Mùfú wí lórí fóònù, "ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ẹ́ rí o. Ṣé o ti já mi sílẹ̀ ni?"

"Ìwọ lo ò mọ nọ́ńbà kà. Mẹ́fà ni mo pè, o tẹ mẹ́sàn-án."

"Ìwọ lo lọ sí yunifásítì. Wá bá mi tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí a di ọ̀rẹ́ tán ńkọ́? A ò lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa. A ò lè gbọ́ ohùn ara wa àfi tí a bá jọ wọ yàrá ìje kan náà, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó àwọn olùsáré jọ sí kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ wọlé bá èkejì, "Yàrá ti kún" ni wọ́n sábà máa ń dá a lóhùn. Ta ló kún inú rẹ̀? Wọn ò ní sọ. Gbogbo ohun tí wọ́n fún ọ ni orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ àti iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àwọ̀ eérú tí kò bá sí nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àwọ̀ ewé tó bá wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Mùfú kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń ti ọjà Elavagnon bọ̀ lórí alùpùpù, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a. Mo wà lára àwọn tó gbé e sínú sàréè. Ọwọ́ mi yìí bá wọn da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo fẹ́ kó yé yín pé mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òbí kì í rí sàréè ọmọ lọ́dọ̀ wa, ẹ ṣáà mọ̀. Inú ìyẹ̀wù làwọn obìnrin dì í mú sí títí a fi dé. Kò rí òkú, kò rí ibojì, kò sì sí ẹni tó máa tọ́ka ibẹ̀ fún un láéláé. Àánú ló wà nínú àṣà yẹn, mi ò bá a jà. Àmọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sunday tí mo ń sọ yìí. Ó ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí àwọn òkè, ilé wa ní ọ̀nà Kamina sì ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Mo tan ẹ̀rọ kí n lè gbàgbé ìwé àwọn ọmọ tí mo ń máàkì. Iná ẹ̀gbẹ́ orúkọ Mùfú ti di àwọ̀ ewé.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, àwọ̀ ewé náà ni.

Àfi, ìyàwó mi, ọmọ Ifẹ̀ láti Datcha, ń ká aṣọ lẹ́yìn mi. Ó wò ó. Kò pariwo.

"Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ Mùfú?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bóyá wọ́n ti fún àbúrò rẹ̀."

"Àbúrò wo? Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí."

Mo wọ bàtà, mo forí lé ilé wọn nínú òjò. Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Mùfú fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ jáde látinú àpótí. Ìborùn ló fi wé e. Wáyà rẹ̀ wà ní kíká, eruku ti bo ojú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀. Mo pe Àfi lórí fóònù.

"Ṣé iná yẹn ṣì wà?"

"Ó wà. Ẹ máa bọ̀ wálé."

Ìyá Mùfú dì mí lápá mú. "Iná kí ni, ọmọ mi?" Mo wá irọ́, n kò rí. Mo sọ fún un.

Ó tún ìborùn yẹn wé mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló rọra wí pé, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ sin ín. Èmi ò rí nǹkan kan."

Ṣé kí n mú un lọ wo sàréè ni?

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà. Wọ́n fèsì pé àwọn ò lè bá mi sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn, pé tí mi ò bá fẹ́ ọ̀rẹ́ náà mọ́, kí n yọ ọ́. Mo yọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti padà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá di ọ̀rẹ́ mi. Èmi! Mo tún kọ̀wé. Wọ́n ní yíyọ tí ẹnì kan yọ ẹnì kejì kò tó, kí ọ̀rẹ́ mi náà yọ mí látinú ẹ̀rọ tirẹ̀. Mo kọ ọ́ fún wọn ní èdè Faransé tó dán mọ́rán pé ọ̀rẹ́ mi ti kú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀ mi, wọ́n wá bi mí ìràwọ̀ mélòó ni màá fún wọn.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Mùfú ti ń wá sílé wa ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Yóò tẹ́ ẹní síwájú tẹlifíṣọ̀n, yóò tẹjú mọ́ iná kékeré yẹn.

"Ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré," ó máa ń wí. "Mi ò bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ti ṣàlàyé fún un pé àfi ká wọ yàrá tí Mùfú wà ká tó lè gbọ́ ohùn. Torí náà mo ń tẹ̀, mo ń tẹ̀. Yàrá ti kún. Yàrá ti kún. Mo bú ẹ̀rọ náà débi pé Àfi ní kí n rántí pé àgbàlagbà wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìrun Mọ̀gàríbì kù díẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n yí padà. "Àyè kan ṣẹ́ kù."

Àfi fà mí láṣọ. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́," ó wí sí mi létí. "Ta ni wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ dè?"

Mo gbé ohun tí a fi ń darí ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ má purọ́ fún ara yín, ẹ̀yin náà á gbé e sílẹ̀.

Ìyá Mùfú ló gbé e. Obìnrin tí kò di irú rẹ̀ mú rí láyé! Ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀.

A ò rí ọkọ̀, a ò rí ojú ọ̀nà ìje. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Atẹ́gùn ni a kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìró ẹ́ńjìnnì alùpùpù tó wà lókèèrè, tí kò sún mọ́ wa, tí kò sì jìnnà sí i. Ohùn kan wá jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Pùròfù?"

Yẹ̀yẹ́ díẹ̀ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra.

"Èmi ni o," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ìyá ẹ ni, Mùfú ọmọ mi."

Atẹ́gùn yẹn dáwọ́ dúró.

"Màámi," ohùn náà wí, "ẹ̀yin kọ́ ni mo pè."

Ìlà já. Ẹ̀rọ kú fúnra rẹ̀. Ìyá Mùfú rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó tuntun, ó ká ẹní rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kírun nílé.

Kò wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo tan ẹ̀rọ. Lábẹ́ orúkọ Mùfú, orúkọ kejì ti wà níbẹ̀ tí èmi ò tẹ nọ́ńbà rẹ̀. ÌYÁ MÙFÚ. Àwọ̀ ewé.

Mo pè é lórí fóònù bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí.

"Màmá, níbo lẹ wà?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Nínú ìsọ̀ mi ni." Mo gbọ́ àwọn oníbàárà tí wọ́n ń ná aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan ń sọ pé ọ̀wọ́n ni, ọ̀wọ́n ni.

Mo sáré lọ. Lóòótọ́, ó jókòó sáàárín àwọn aṣọ rẹ̀, ó ń mí. Mo kí i. Ó wò mí. Mo ti fẹ́ tún un kí kí ìdáhùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, bíi ti ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń fa ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Màmá, kí ló ń ṣe yín?"

Ètè rẹ̀ ń mì, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ló fẹnu kàn mí létí.

"Má yọ mí o."

Mo yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo yọ ọ́, mo sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń padà. Mo kọ̀wé, wọ́n sì ní kí obìnrin náà yọ mí látinú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ wo? Inú àpótí ni ti ọmọ rẹ̀ wà, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo tú wáyà tèmi, mo gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ilé. Ara Ìyá Mùfú kò padà sípò. Aṣọ ti ń tóbi jù fún un. Dókítà ní kò sí àrùn tí òun rí. Ìdáhùn rẹ̀ sì ń pẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní àná, mo kí i, mo dúró, mo dúró títí wọ́n fi ń palẹ̀ ọjà mọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí ibi tí mi ò sí.

Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ẹni tó bá mọ̀, kó sọ fún mi, àmọ́ kó má sọ fún mi pé kí n kọ̀wé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọ̀rẹ́ jọ sínú ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ tèmi. Bí iná ẹni tí ẹ fi ọwọ́ ara yín sin bá tàn lọ́jọ́ kan, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má lọ sílé rẹ̀ lọ wádìí. Ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́.