Àmín Lábẹ́ Fọ́tò Ọ̀nà

Iléeṣẹ́ ọ̀rá ni Tóyọ̀sí ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó, àmọ́ Ìtẹ̀lé ló ń gbé, ládùúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé lọ, tí kò sì sí ọ̀nà gidi. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń rọbí, kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó gbà láti wọ inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ yẹn. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó gbé ìyá rẹ̀ dé títì.

Ìkànnì tí wọ́n ti ń tọpa iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni Tóyọ̀sí ti wá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti parí ọ̀nà àdúgbò náà. Parí kẹ̀? Irọ́ burúkú! Ó ya fọ́tò, ó gbé e sójú ewé Ọnárébù tó ń ṣojú wọn nílé aṣòfin, lórí Fesibúùkù: “Ọ̀nà tẹ́ ẹ ní ẹ ti parí rèé. Ó ti pa ọmọ àbúrò mi. Ẹ wá ṣe é. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún sin ọmọ mìíràn.”

Àdúrà ìparí yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àtonígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, “Àmín” ni wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní kí wọ́n wá ṣe ọ̀nà. Tóyọ̀sí ń kà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọnárébù fúnra rẹ̀ fèsì. Tóyọ̀sí sáré ṣí i.

“Àmín o. Ẹ ṣé, ìyá wa, ẹ máa gbàdúrà fún wa.”