Igun Gbígbóná Ìyá Jeom-rye

Pákó ni ọkọ mi Ki-hwan fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ ilé wa tuntun, pákó náà ló sì rà. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi pé ní Bonghwa yìí, níbi tí òtútù ti ń gé ni létí, bébà tí wọ́n fi epo pa ló yẹ ká tẹ́ sórí páìpù omi gbígbóná tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ mú ilé móoru, bíi ti ilé ìyá rẹ̀. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ta pákó náà kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi aṣọ tó nípọn bo ojú kan, torí ooru tó bá há sábẹ́ rẹ̀ á mú kí pákó wú.

Nítorí ìyá ọkọ mi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jeom-rye, la ṣe kọ́ ilé yìí. Ó ṣubú lórí yìnyín ní abúlé, a ò sì fẹ́ kó dá gbé mọ́. Ó ní òun á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà ná.

Nígbà tó dé, kò wo fèrèsé, kò wo ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Nílé tirẹ̀, ibi tó sún mọ́ iná tí wọ́n ń dá sábẹ́ ilẹ̀ ló ń gbóná jù, àgbà ló sì ni ibẹ̀. Tiwa gbóná dọ́gba.

“Ìyá Ha-ram,” ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, “ibo ni igun gbígbóná wà?”

Mo ní gbogbo rẹ̀ ló gbóná.

“A jẹ́ pé kò sí nìyẹn.”

Inú bí mi, mo wọ ilé ìdáná lọ. Ó gbà láti dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú àpò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí pákó igun yàrá rẹ̀ fi wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Aṣọ ìbora olówùú ló ká lé e. Ki-hwan fa aṣọ náà kúrò tìbínú-tìbínú.

“Màmá, ṣé a ò sọ fún yín ni?”

Abọ́ ìrẹsì kan tó ní ọmọrí wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Abọ́ Dong-seop ni, àbúrò ọkọ mi tó bá ọkọ̀ apẹja lọ, tí a ò rí òun àti ọkọ̀ náà mọ́. Mo ti rò pé ìyá ti jáwọ́ nínú bíbu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìyá fa àpò rẹ̀. “Ilé ẹ dáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ padà síbi tí oúnjẹ àbúrò ẹ ò ti ní tutù.”

Ki-hwan wo pákó rẹ̀ títí. Ó gbé abọ́ náà padà sórí ibi tó wú, ó ká aṣọ bò ó, ó sì fọwọ́ tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀.

“Pákó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, Màmá. Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀.”

Ojoojúmọ́ ni mò ń fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, tí mo sì ń ráhùn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, kí n wò ó bóyá ìrẹsì náà ti tutù.