Àdán Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìrọ̀lẹ́

Lóṣù tó kọjá, mo yà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kàwé nítòsí Fìdítì, mo sì bi akọ̀wé kan pé àdán wa dà. Ó ní inú àjà ni wọ́n máa ń wà, pé wọ́n ti fín oògùn sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ẹranko tiwa nígbà kan.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sán ní kìnnìún, aṣọ onírun kan tí wọ́n rà n'Íbàdàn. Ẹnì kan á wọ̀ ọ́, á máa jó níwájú wọn lọ́jọ́ eré ìje. Àwa tí à ń dé láago mẹ́rin, télọ̀, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ tí erùpẹ̀ oko iṣu ṣì wà léèékánná rẹ̀, a ò ní nǹkan kan. Ó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n wá ní kí a yan tiwa, olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ní ká mú òwìwí, pé ẹyẹ ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn ìyá onítẹ̀bọmi tó wà ní kíláàsì wa figbe bọnu: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ọ̀rọ̀ òwìwí parí síbẹ̀.

"Àdán ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì wa wí. "Ṣebí ìrọ̀lẹ́ lòun náà ń jáde."

"Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ," ni mo fi kún un. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Télọ̀ wa tú agbòòrùn dúdú mẹ́rin, ó fi ṣe ìyẹ́ apá. Páálí ló fi ṣe orí. Wọ́n ní èmi ni kí n wọ̀ ọ́ nítorí mo ga. Mo gbà kíá, torí nínú páálí yẹn, kò sẹ́ni tó máa dá mi mọ̀.

Bàbá ìyàwó mi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì n'Ílọrà, ti sọ lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀ pé òun ò ní fà á fún tíṣà tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Mo ní mo ti gba tèmi. Irọ́ ni. Ọdún kejì nìyẹn tí mò ń yọ́ wá kàwé nírọ̀lẹ́, tí ìyàwó mi ń bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìdánrawò akọrin ni mo lọ, èmi tí ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́. Bí bàbá bá mọ̀, ojú wo ni màá fi wò ó?

Ọjọ́ eré ìje dé. Mo ń ju apá síwájú, àwọn ọmọdé ń hó. Bí a ṣe dé iwájú àwọn àlejò pàtàkì, ta ni mo rí lórí àga? Àna mi! Ó yẹ kí n jó kọjá, ṣùgbọ́n ara mi ò bi mí léèrè. Mo bá ara mi nílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń pariwo: "Ẹ kú ìjókòó, bàbá!" Nílé wọn, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dìde àfi tí bàbá bá ní kó dìde. Ni mo bá wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọlu ara wọn lẹ́yìn, kìnnìún ń fi mí ṣẹ̀sín.

Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ihò ẹnu àdán.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ tí o ní o ti gba ìwé ẹ̀rí?"

"Ẹ dárí jì mí, bàbá. Ó ku ọdún kan."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó wá yíjú sí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fi ohùn tíṣà tó máa ń dé ẹ̀yìn kíláàsì sọ̀rọ̀: "Àna mi nìyí. Ó parọ́ fún mi, a máa yanjú ìyẹn nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹnu iṣẹ́ ló ti ń wá kàwé." Ó na ọwọ́ sí mi. "Dìde. Ṣí orí yẹn, kí wọ́n rí ọ."

Mo dìde, àmọ́ mi ò lè ṣí i. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀ ná," ni mo wí, nítorí mò ń sunkún bí ọmọdé nínú páálí náà.