Ẹgbẹ́ Òṣèlú Bàbá Òyìnbó Tó Múlé Tì Wá

Ní kékeré mi, ní Peckham níbí ní London, kí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa tó gba òpópónà Rye Lane kan, òyìnbó arúgbó kan ń gbé fúláàtì tó fara ti tiwa. Afrikánà ni, ìyẹn òyìnbó tí wọ́n bí sí South Africa. Ó ń dá gbé, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé kò lè dáná mọ́. Màmá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi a sì tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ Sunday kan ló tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti àwọn kan dá ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré sílẹ̀, kí ohùn àwọn Afrikánà má baà sọnù. Wọ́n ti ẹgbẹ́ ńlá kan lẹ́yìn títí ó fi gba ìjọba, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ńlá ọ̀hún gbé tiwọn mì. Ìjọba yẹn ló ṣòfin pé dúdú àti funfun ò gbọ́dọ̀ fẹ́ra. Òfin náà ló lé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí London, torí ọkọ tó yàn kì í ṣe funfun. Bàbá wá a wá, ọmọ ò ṣílẹ̀kùn fún un.

Màmá mi gbé abọ́, a padà sílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò débẹ̀ mọ́. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lára ògiri.

Nígbà tó yá, màmá mi bu ìrẹsì, wọ́n lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Màmá mi ní, “Èmi kọ́ ni mo máa dárí ẹ̀ jì yín. Àwọn tẹ́ ẹ ṣe é fún ló ni ìyẹn. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun.”

Ìgbà òtútù ọdún yẹn ló kú. Ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù. Ohun kan ṣoṣo ló bi màmá mi: “Ṣé ó ń rí oúnjẹ jẹ?”

“Ó ń rí jẹ.”

Ó di ọwọ́ wọn mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Wọ́n ti wó ilé yẹn. Níbi tí mò ń gbé báyìí, mi ò mọ ẹni tó múlé tì mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan mú ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan wá, tó ní kí ìlú padà sọ́wọ́ àwọn onílùú. Ṣé ó yájú sí mi ni? Rárá o, ọmọlúàbí ni. Ó wù mí kí n sọ fún un pé ẹgbẹ́ lè kú kí òfin rẹ̀ má kú, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Mo gba ìwé náà, mo tilẹ̀kùn. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un.