Ẹgbẹ́ Tí Irọ́ Bí

Àǹtí Onífèrè ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, nínú yàrá kan tí òórùn òróró ẹ̀rọ kì í kúrò níbẹ̀, tí abẹ́rẹ́ àti irin wẹ́wẹ́ kún inú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán Sátidé bá ti dé, á ti ilẹ̀kùn, á fi fèrè kọ́rùn, á sì gba gbọ̀ngàn ilé-ìwé lọ, níbi tí ogójì ọmọbìnrin ti ń dúró dè é. Ẹgbẹ́ síkáòtù àwọn ọmọbìnrin ni. Òun ló dá a sílẹ̀, ó sì fẹ́ràn wọn ju oúnjẹ lọ.

Èmi náà ṣe ẹgbẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án. A ní àṣà tiwa, a kì í sì í fi ṣeré. Kí a tó jókòó, a ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ọ̀kan fún àná, ọ̀kan fún òní, ọ̀kan fún ọ̀la. Ẹsẹ̀ òsì nìkan la fi ń dúró bí a bá ń ṣèlérí, nítorí pé apá òsì ni ọkàn wà. Ìṣáná méjì péré la sì gbọ́dọ̀ fi dáná. Bí iná kò bá ràn, ebi la ó gbé sùn. Bí o bá bi Àǹtí pé ta ló kọ́ ọ, á wo òkèèrè, á ní, "Àwọn àgbà ló kọ́ wa." Àwa náà á mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

Níjọ́ kan, àwọn ọ̀gá síkáòtù kọ lẹ́tà sí i. Ẹgbẹ́ ti pé àádọ́ta ọdún. Kí ó kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kà á fún àwọn ọmọ. Inú mi dùn, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé n ó bá a kọ ọ́. Mo bá a níbi tó káwọ́ lérí.

"Kí ló dé, Àǹtí mi?"

"Ti ilẹ̀kùn yẹn ná."

Mo tì í. Ó wá tú àṣírí.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe síkáòtù. Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n ń so síkáàfù jáde, tí òun ń fọ ìkòkò. Ó sú u. Ó bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ọmọbìnrin náà ti ní tiwọn, wọ́n sì ti mú òun. Irọ́ gbuu! Bọ́ọ̀lù ló ń lọ gbá lẹ́yìn ilé-ìwé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún. Ó jayé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀, ìyá àgbà tèmi, alágbàfọ̀ tí kì í gba ìdọ̀tí láyè, ì báà jẹ́ lára aṣọ, ì báà jẹ́ nínú ọ̀rọ̀, wá ní, "Sátidé tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ wá wò yín."

"Mo sáré wọlé," ni Àǹtí wí. "Mo gé kọ́tìnì àtijọ́ sí mẹ́fà, mo so ó mọ́ wa lọ́rùn. Ìyá mi gbé àpótí dé, ó jókòó, ó ní ó yá. N kò mọ ohunkóhun tí n bá ṣe! Mo ní, 'Ẹ yí po!' Wọ́n yí po. N kò tíì rí nǹkan mìíràn rò, mo ní kí wọ́n tún yí po. Ìgbà tí wọ́n yí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìlérí sọ sí mi lọ́kàn."

"Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

"Bàtà ọ̀tún ọ̀kan nínú wọn já, ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí ìyá mi má baà rí i. Mo ní kí gbogbo wọn gbé e."

"Ìṣáná méjì?"

"Méjì ló kù nínú páálí."

Èmi tí òòyì kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án! Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo tún bínú.

Inú ìyá àgbà dùn débi pé ó ròyìn fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, nígbà tó sì máa fi di Sátidé kejì, ìyá mẹ́rìnlá ti fa ọmọ wọn wá. Bó ṣe di pé bọ́ọ̀lù parí nìyẹn. Àwọn ọ̀gá síkáòtù gbọ́, wọ́n sì wá forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìlérí wa ni pé a ó máa sọ òtítọ́," ni Àǹtí wí. "Bí mo bá ka èyí fún wọn, wọn ò ní gbà mí gbọ́ mọ́. Bí mi ò bá kà á, ojú wo ni n ó fi ní kí wọ́n ṣèlérí?" Ẹ̀rù ń bà á gan-an, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ó kà á. Gbogbo ọmọ inú gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Olórí àwọn ọmọ, ọmọ aránbàtà, ẹni ọdún mọ́kànlá tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, kí ni òfin wí nípa ẹni tó bá tan ẹgbẹ́ jẹ?"

Àǹtí ká ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Sátidé mẹ́ta láìsí síkáàfù. Lórí bẹ́ǹṣì."

"Ẹ má bínú ma," ni ọmọ náà wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

Àǹtí tú síkáàfù, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo fẹ́ da gbọ̀ngàn rú! Mo ní ọmọ wo ló ń fìyà jẹ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta? Àǹtí ní kí n panu mọ́. "O ò rí i pé wọ́n gba ìlérí yẹn gbọ́ ni?" Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

Sátidé mẹ́ta ló fi jókòó, kò sì sẹ́ni tó ń tètè dé bíi tirẹ̀. Àwọn ọmọ dìbò bóyá kí àwọn pa yíyí po tì. Wọ́n ní àwọn ò ní fi í sílẹ̀, òòyì náà ń dùn mọ́ àwọn.

Ní Sátidé kẹrin, ọmọ aránbàtà ṣí ìwé òfin: ẹni tó bá kúrò lórí bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ tún ìlérí rẹ̀ ṣe níwájú ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló gba tiyín, ma?"

Àǹtí ronú títí. Lọ́jọ́ kọ́tìnì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márààrún ló ṣèlérí fún un; ojú ìyá rẹ̀ lòun ń wò. Láti ìgbà yẹn, ó ti gba ìlérí lọ́wọ́ ọmọ tí kò níye. Kò sí ẹni tó gba tirẹ̀ rí.

"Ó dáa," ni ọmọ náà wí, "àwa la ó gbà á."

Àǹtí gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó di èjìká ọmọ náà mú. "Mo ṣèlérí pé n ó máa sọ òtítọ́. N ó máa ran ọmọnìkejì lọ́wọ́..." Ó dúró. Ohun tó ti fi àádọ́ta ọdún kọ́ni ti pòórá lórí rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún méje tó ti ká eyín iwájú, fa aṣọ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́: "N kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn."

"N kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn," ni Àǹtí wí, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n so síkáàfù mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, lábẹ́ ti ọmọ ọdún méje náà, nítorí òun ló dé kẹ́yìn.