Ará Ìràwọ̀ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ìrọ̀lẹ́ ọdún Àjíǹde tí mo túmọ̀ fíìmù sí Yorùbá fún ìjọ wa ní Jọ́gà-Orílé.

Èmi ni mo yan fíìmù náà. Nínú rẹ̀, ará ìràwọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ sáyé, ó ń wo aláìsàn sàn, àwọn sójà sì ń lé e kiri. Bí wọ́n ṣe yìnbọn pa á, akoto bọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yọ bí ti aláǹgbá. Bàbá Ìjọ fò dìde.

"Ṣé iwin lo gbé wá sílé Ọlọ́run? Pa jẹnẹrétọ̀ yẹn!"

Ìdí tí mo fi yàn án ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Mo pa jẹnẹrétọ̀ náà. Àwọn èèyàn ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo mọ́ mi, "Pásítọ̀ Aláǹgbá!"

Mo ń ká wáyà nígbà tí Màmá Ṣọlá, tí wọ́n ṣì jókòó, pè mí. Ojú wọn ti fọ́, ohùn mi nìkan ni wọ́n fi wo fíìmù náà.

"Ọmọ mi, ṣé ó jí?"

"Ó jí, Màmá."

"Mo kúkú ti mọ̀ ọ́n."

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sílé, mo ń sọ ìyókù fún wọn lọ́nà. Ẹnì kan péré ló gbọ́ ọ, nítorí mo jẹ́ kí ìjọ tú ká kí n tó la ẹnu mi.